Orúkọ wo ni ká sọ àwọn fáàrí tuntun tí à ń rí ní Àbújá?

Olùkọ́ Sátidé, Gwarinpa

Ẹ̀yin ará mi tó wà ní Àbújá, ní Kàdúná, ní Kánò àti ní gbogbo òkè Ọya, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Ní gbogbo Sátidé, èmi àti àwọn òbí mélòó kan máa ń kó àwọn ọmọ wa jọ láti kọ́ wọn ní Yorùbá, nítorí Hausa ni wọ́n ń gbọ́ lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé ìwé, bí a kò bá sì múra sí i, èdè àwọn bàbá wọn yóò di ohun tí wọ́n kàn ń gbọ́ lẹ́nu àgbà. Àwọn tó ti lé ní ọmọ ọdún 13 nínú wọn kò fẹ́ kí a máa ka "a, b, d" sí wọn létí mọ́. Mo wá ronú eré kan fún wọn: kí wọ́n máa kíyè sí ìṣesí àwọn tó ń ṣe àṣehàn láwùjọ, kí wọ́n sì máa sọ ìṣesí kọ̀ọ̀kan ní orúkọ Yorùbá tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè é rí.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ́n wa. A ní fáàrí, a ní ṣakará, a ní yànga, fújà, ìfọ́nnu àti ṣekárími. Ṣùgbọ́n ìwà ni gbogbo wọn ń dárúkọ. Bí mo bá sọ fún yín pé ẹnì kan ń ṣe fáàrí, ẹ kò tíì mọ̀ bóyá agbádá ló ń gbọ̀n ni, tàbí imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Orúkọ tí mo ń wá ni èyí tó jẹ́ pé bí a bá ti pè é, ojú ẹni tó gbọ́ ọ yóò rí ìṣesí náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣí eré náà. Ọkùnrin kan jókòó sí ilé oúnjẹ kan ní Wuse, èmi àti àwọn ọmọ sì wà ní tábìlì kejì. Kí ó tó sọ ohun tó fẹ́ jẹ, ó ti kó fóònù mẹ́ta sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dojú wọn sókè, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé èyí tó wà láàárín, ó sì yí àmì ara kọ́kọ́rọ́ náà síta kí ẹni tó bá ń kọjá lè rí i. Nígbà tí oúnjẹ dé, àyè kò sí mọ́. Kò mú ohunkóhun kúrò. Etí tábìlì ni wọ́n gbé àwo ìrẹsì sí, ó sì fi ọwọ́ òsì di àwo náà mú títí ó fi jẹun tán. Ọ̀kankan nínú àwọn fóònù náà kò dún. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 kan nínú wa bá sọ jẹ́jẹ́ pé: "Apàtẹmátà." Mo bi í léèrè ibi tó ti gbọ́ ọ. Ó ní òun kò gbọ́ ọ níbì kankan. Òun kàn wò ó pé asọ̀rọ̀mágbèsì ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkùnrin yìí ṣe pàtẹ ọjà, tí kò sì tà á.

Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà, mi ò sì fẹ́ kí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni èyí: báwo ni a ṣe ń ṣẹ̀dá irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kí wọ́n tó lè dúró lẹ́nu ènìyàn, kí wọ́n má kàn jẹ́ ẹ̀rín ọjọ́ kan? Èkejì, òbí kan ń bẹ̀rù pé a ó kọ́ àwọn ọmọ ní àfojúdi. Kí ni ẹ rí sí i?

Bàbá Ìlọrin, Kubwa

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Mo wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá olú ìlú kó wá síbí lẹ́yìn tí ìjọba Ibrahim Babangida gbé e kúrò ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, mo sì ti rí oríṣiríṣi fáàrí ní ìlú yìí, láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Ọmọ tó sọ "apàtẹmátà" yẹn ti ṣe iṣẹ́ ńlá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi sọ fún un.

Ọ̀nà tó gbà ni ọ̀nà tí Yorùbá ti ń gbà látijọ́. Ọkọ̀ onípákó tí èrò inú rẹ̀ ń kọjú síra, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó sọ ọ́ ní orúkọ. Ariwo tí àwọn èrò àti ọmọ ọkọ̀ ń pa síra wọn ló di orúkọ rẹ̀, bọ́lẹ̀kájà. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun ló ń jẹ́ Tòkunbọ̀, kí ó tó di pé ọkọ̀ àlòkù àti fìríìjì àlòkù gba orúkọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Jápa kò ju ọ̀rọ̀ ìṣe kan lọ, òun ló wá di orúkọ fún ìrìnàjò gbogbo ìran kan. Ẹ wo bí ó ṣe rí: ọ̀rọ̀ tó dúró kì í ṣàlàyé ara rẹ̀. Gbólóhùn kékeré ni, ó ní ọ̀rọ̀ ìṣe nínú, ìṣe náà sì jẹ́ èyí tí ojú lè rí. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá mú ọ̀rọ̀ wá tí ó ní "onígbéraga tuntun" tàbí "olùfẹ́ àfihàn", ẹ dá a padà fún un. Kò tíì wo ènìyàn. Ìwé atúmọ̀ èdè ló wò.

Àwọn òyìnbó pàápàá mọ agbára orúkọ. Ní ọdún 1899, Thorstein Veblen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, sọ orúkọ kan, "conspicuous consumption", fún ìnáwó tí ènìyàn ń ná kí aráyé lè rí i pé ó lówó. Títí di òní ni wọ́n ń lo orúkọ náà, nítorí kí ó tó sọ ọ́, gbogbo ènìyàn ló ń rí ohun náà, ṣùgbọ́n wọn kò ní ibi tí wọ́n lè fi ọwọ́ dì í mú.

Ní ti àfojúdi, ìbẹ̀rù òbí yẹn tọ̀nà, èmi kò sì ní fi ọwọ́ yẹ̀pẹ́rẹ́ mú un. Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú èdè fúnra rẹ̀. Bí a bá fi "a" ṣíwájú ọ̀rọ̀ ìṣe, ènìyàn ni a dárúkọ. Bí a bá fi "ì" ṣíwájú rẹ̀, ìṣe ni a dárúkọ. Apàtẹmátà jẹ́ ẹnì kan tó ní ìyàwó àti ọmọ nílé, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìpàtẹmátà jẹ́ ìṣesí kan, èmi àti ẹ̀yin sì lè bá ara wa nínú rẹ̀ lọ́la. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ì". Ẹ tún fi òfin kan lé e: wọn kò gbọdọ̀ sọ ohun tí ènìyàn kò ní lórúkọ. Ẹni tó wọ bàtà àlòkù kò ṣe fáàrí, a kò sì gbọdọ̀ fi i ṣe ọ̀rọ̀.

Èmi náà mú ọ̀kan wá, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń dùn mí lọ́kàn. Nígbà Ramadan, àwọn kan máa ń pín ìrẹsì àti ṣúgà fún àwọn aláìní. Ìyẹn dára, Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Ṣùgbọ́n mo ti dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan rí tí olóore gbé àpò ìrẹsì lé ìyá arúgbó kan lọ́wọ́, tí kò sì fi ọwọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lára àpò náà. Àwọn méjèèjì jọ dì í mú, olóore ń wo kámẹ́rà, ìyá ń wo ilẹ̀, ayàwòrán ní kí wọ́n yí sí oòrùn díẹ̀, wọ́n yí. Ó ní kí ìyá gbé ojú sókè, ìyá kò gbé e. Ìṣesí ọwọ́ méjì lórí àpò kan yìí ni mo sọ ní ìṣàánúmáwòrán. Àpẹẹrẹ amóhùnmáwòrán ni mo tẹ̀lé, nítorí bí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń mú ohùn wá tó sì ń mú àwòrán wá, bẹ́ẹ̀ ni àánú yìí kì í lè wá láìmú àwòrán lọ́wọ́.

Ọmọ Ẹdẹ, Kàdúná

Ẹ kú àárọ̀, Olùkọ́ wa. Bàbá Ìlọrin, ẹ kú ọgbọ́n o. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì ti ń ṣòwò, nítorí náà etí mi méjèèjì ni mo fi ń gbọ́ èdè. Mo fẹ́ rán wa létí pé ọ̀rọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí gan-an, fáàrí, òkè Ọya ló ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Fahari ni Hausa ń pè é, láti inú Lárúbáwá ni Hausa sì ti gbà á. Ọ̀nà kan náà ni wàhálà àti àlùbọ́sà gbà wá. Ẹ̀rù kò gbọ́dọ̀ bà wá láti máa gbọ́ bí àwọn tí a jọ ń gbé ṣe ń sọ̀rọ̀.

Hausa ní ohun méjì tó wú mi lórí. Ẹni tó ń ṣe bí ẹni tí kò rí ènìyàn, tó ń fi ìdákẹ́jẹ́ gbé ara rẹ̀ ga, wọ́n á ní ó ń "shan ƙamshi", èyí ni pé ó ń mu òórùn dídùn. Ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí kò tètè fẹ́ dáhùn, tó ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn kí iye rẹ̀ lè lé sí i, wọ́n á ní ó ń "jan aji". Bí a bá gbé "mu òórùn dídùn" wá sí Yorùbá bẹ́ẹ̀, kò ní dún bí ọ̀rọ̀, ẹni tó gbọ́ ọ yóò sì rò pé ibi tí wọ́n ti ń dáná la ti ń bọ̀. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí a ṣe ni kí a wo ẹni náà tí Hausa ń wò, kí a sì fi ojú Yorùbá wò ó.

Mo ti ń wò ó. Nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn Jímọ̀ọ̀, ní ibi ìkómọjáde, ẹ ó rí ẹni tí ènìyàn kí tọwọ́tẹsẹ̀, "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́?", tí òun kò sì la ẹnu. Àgbọ̀n rẹ̀ ni yóò gbé sókè díẹ̀, tí yóò tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó parí. Láàárín àwa Yorùbá, tí ìkíni wa ní ti òórọ̀, ti ọ̀sán, ti ìjókòó, ti ìdúró, ti òjò àti ti oòrùn, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Orúkọ tí mo sọ ọ́ ni ìfàgbọ̀nkíni. Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi níwájú àwọn oníbàárà, kò sì sí ẹni tó ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n gbé àgbọ̀n sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tí mo tún mú wá jẹ́ ti ẹ̀yin ará Àbújá gan-an. Ẹnì kan á wà nínú ọkọ̀ èrò láti Nyanya lọ sí Berger, á gbé fóònù sétí, ohùn rẹ̀ á lọ sókè: "Rárá, ẹ sọ fún Mínísítà pé mo ń bọ̀ ní Villa, ẹ sọ fún Sẹ́nétọ̀ pé kí wọ́n dúró dè mí." Gbogbo ọkọ̀ á dákẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wà ní òdìkejì fóònù náà. Ìpeńlámọ́ra ni mo pe èyí, nítorí ó ń pe àwọn ẹni ńlá mọ́ ara rẹ̀ kí ìwọ̀n tiwọn lè bọ́ sí ara tirẹ̀. Mo fẹ́ràn ìfàgbọ̀nkíni jù ú lọ, nítorí ojú ń rí àgbọ̀n, etí nìkan ló sì ń gbọ́ ìpeńlámọ́ra.

Ọmọ Àyàn, Sábó ní Kánò

Mo kí ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ ìlù ni wọ́n fi bí mi, mo sì máa ń ti Kánò wá sí Àbújá nígbà tí wọ́n bá pè wá sí òde. Olùkọ́ wa béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dúró lẹ́nu ènìyàn. Èmi yóò dáhùn láti ibi tí mo dúró sí: ọ̀rọ̀ tí gángan bá lè sọ, tí àwọn tó ń jó sì lè gbọ́ ọ láìsí pé akọrin là á yé wọn, ọ̀rọ̀ náà á pẹ́ láyé. Èyí tí gángan kò bá lè sọ yékéyéké, ìwé ni yóò máa gbé.

Mo jókòó lánàá, mo sì fi ìlù dán gbogbo wọn wò. Apàtẹmátà dára gan-an: re dò re mí dò. Ó gòkè, ó sọ̀, àwọn tó ń jó lè fi ẹsẹ̀ gbà á. Ìfàgbọ̀nkíni ní dò mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mí àti re; ó wúwo, ó sì bá ìṣesí náà mu nítorí pé àgbọ̀n tó wúwo ni. Ìṣàánúmáwòrán gùn, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti mọ amóhùnmáwòrán tẹ́lẹ̀, etí wọn á bá a dé ìparí.

Èmi náà ti rí ohun kan tó yẹ ní orúkọ, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ni àwa onílù máa ń dúró sí. Ọkọ̀ ńlá kan á dé iwájú gbọ̀ngàn, kò ní sí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, gíláàsì dúdú wà ní títì pa. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọkùnrin kan á ti inú rẹ̀ jáde, á yọjú wo inú gbọ̀ngàn bóyá tábìlì iwájú ti kún, bóyá alága ti jókòó, á sì padà lọ jíṣẹ́. Ìgbà tí gbogbo ènìyàn bá ti jókòó, tí atọ́kùn ètò ti mú gbohùngbohùn lọ́wọ́, ni olówó tó ti wà níta láti òwúrọ̀ á wá wọlé, tí ètò á dúró, tí a ó sì máa lù ú wọlé. Mo kọ́kọ́ pe é ní apẹ́dékárími, lórí àpẹẹrẹ ṣekárími. Nígbà tí mo fi ìlù sọ ọ́, mí mẹ́rin ló tò tẹ̀léra wọn, kò sì yé ẹnikẹ́ni. Mo wá fi "wọlé" sí i: apẹ́wọlékárími. Re tó wà nínú "wọlé" ló gbà á là. Bí a bá fẹ́ tẹ̀lé ìmọ̀ràn Bàbá Ìlọrin, ìpẹ́wọlékárími náà ṣeé lù, dò ni ó kàn fi ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan nípa owó níná pẹ̀lú, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ kò ní ṣàì mẹ́nu bà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pe owó níná fúnra rẹ̀ ní fáàrí. Owó tí a lẹ̀ mọ́ iwájú orí olóde tàbí onílù jẹ́ ọ̀wọ̀ àti ìdúpẹ́ nínú àṣà wa, òun ni wọ́n sì fi tọ́ mi. Òótọ́ ni pé Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007, ní abala 21, ti ka fífọ́n náírà síni lára àti jíjó lórí rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí owó ìtanràn ₦50,000. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Èkó fi ẹni tó gbajúmọ̀ sí ẹ̀wọ̀n lórí rẹ̀. Ní òde púpọ̀ nísinsìnyí, inú àpò ìwé ni wọ́n ń fi owó sí kí wọ́n tó fún wa, àwa sì ń gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ìṣesí tó yẹ ní orúkọ ni ti ẹni tó gbé owó sókè lórí olóde, tí kò sì sọ ọ́ sílẹ̀ títí kámẹ́rà fi yíjú sí i. Ẹ pe ìyẹn ní ìdúródekámẹ́rà. Ó ń dá ìlù dúró.

Ìyá Ìbejì, Lugbe

Èmi ni òbí tó ń bẹ̀rù, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìlọrin lórí "a" àti "ì" tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ kí a fi ohun kan kún un: kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ ìṣesí tiwọn lórúkọ kí wọ́n tó kọjú sí ti àgbà. Ní ọdún 2013 ni Oxford yan "selfie" ní ọ̀rọ̀ ọdún náà, àwọn ìbejì mi kò sì tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Òní yìí, wọn kì í lè dé etí odò Jabi láì sún ẹnu síwájú, kí wọ́n tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n sì ya ara wọn títí omi á fi ṣú. Mo ti sọ fún wọn pé ìsúnnuyàwòrán ni orúkọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, èkejì bínú fún wákàtí kan, ó sì padà wá sọ fún mi pé ti èmi náà wà: bí mo bá ti wé gèlè tuntun, n kì í yí ọrùn mọ́, gbogbo ara ni mo fi ń yí. Ó ní ìfarayígèlè ni. Mo gbà fún un.

Olùkọ́ Sátidé, Gwarinpa

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó ọgbọ́n. Ìyá Ìbejì, bí ẹ ṣe wí ni a ó ṣe e. Ìfarayígèlè ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ yín, nítorí ọmọ ló sọ ọ́, ìyá rẹ̀ sì gbà á. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé ìpàtẹmátà, ìṣàánúmáwòrán àti ìfàgbọ̀nkíni síwájú wọn, kí wọ́n wá ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti lè wọ gbólóhùn. Ìpeńlámọ́ra ni mo ń rò lórí. Mo fẹ́ kí wọ́n wá ìṣesí ọwọ́ tàbí ti ojú tó máa ń bá a rìn, kí ẹ̀yin ará Kàdúná lè gbà á tán pátápátá.

Ọmọ Àyàn, ìbéèrè kan péré ló kù. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Àbújá, ǹjẹ́ ẹ lè yà sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú gángan, kí ẹ lu ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láìsọ ọ́ lẹ́nu, kí àwọn ọmọ fi etí mọ èyí tí ẹ ń wí?

Ọmọ Àyàn, Sábó ní Kánò

Mo lè yà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ dò re mí ìpàtẹmátà àti ti ìfàgbọ̀nkíni sórí kí n tó dé, nítorí àwọn méjèèjì ló ní sílébù márùn-ún, àwọn ló sì máa kọ́kọ́ dà wọ́n láàmú.